Àdùnní Olórìṣà àti Ọdún Ọ̀ṣun

Àwa tí a ń gbé Ìkòsì kì í wo kàlẹ́ńdà kí a tó mọ ibi tí ọdún dé. Bí òjò bá ti rọ̀ fún oṣù mélòó kan, tí ẹrẹ̀ ọjà Mile 12 bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀ àlejò, tí ọkọ̀ akẹ́rù sì ń já iṣu tuntun sílẹ̀, a mọ̀ pé oṣù keje ti wọlé. Bí odò Ògùn bá kún, tí omi ń bá àwọn ará ìsàlẹ̀ dupò nínú yàrá, oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá nìyẹn. Ohun tí àwọn baba wa fi ń ka ọdún náà nìyẹn: òjò, iṣu, odò. Orí àwọn nǹkan wọ̀nyí ni wọ́n sì gbé ọdún òrìṣà kà. Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ fún ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa kì í ṣe ọmọ Yorùbá, kò sì sí ẹni tí ó rán an sí wa, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú àwọn ọdún tí ń bá òjò dé yìí kò ṣeé sọ mọ́ láìdárúkọ rẹ̀. Susanne Wenger ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Àdùnní ni Òṣogbo ń pè é.

A bí i ní ọjọ́ kẹrin oṣù keje ọdún 1915 ní ìlú Graz lórílẹ̀-èdè Ọ́síríà, nígbà tí ogun àgbáyé kìíní ń lọ lọ́wọ́. Olókè àti onígbó ni agbègbè Styria tí ìlú náà wà, àwọn tí ó sì kọ ìtàn rẹ̀ sọ pé láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn láti máa dá rìn kiri nínú igbó àti lórí òkè. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ilẹ̀ tí kò mọ ọdún ìbílẹ̀ ni ó ti wá. Ní àwọn òkè wọ̀nyẹn, wọ́n máa ń dá iná ńlá sí orí òkè ní ìparí oṣù kẹfà, nígbà tí oòrùn bá pẹ́ jùlọ lójú ọ̀run. Nínú oṣù kejìlá, nígbà tí òtútù bá mú, tí ilẹ̀ sì ń tètè ṣú, àwọn ọkùnrin a gbé agọ̀ onírun wọ̀, wọn a fi ìwo sórí, wọn a so agogo mọ́ ìdí, wọn a sì máa lé àwọn ọmọdé kiri ìlú. Krampus ni wọ́n ń pè é. Ẹni tí ó bá ti sá fún egúngún rí kò nílò àlàyé. Ìjọ Kristi ti da aṣọ àwọn ẹni mímọ́ bo púpọ̀ nínú àwọn ọdún náà tipẹ́tipẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti ìgbà òtútù ṣì ń yọjú lábẹ́ aṣọ.

Ó kọ́ṣẹ́ ọnà ní Graz, lẹ́yìn náà ó lọ sí ilé ẹ̀kọ́ gíga iṣẹ́ ọnà ní Vienna. Ní ọdún 1938 Hitler gba Ọ́síríà, irú àwòrán tí àwọn ọ̀dọ́ bíi tirẹ̀ ń yà sì di ohun èèwọ̀. Vienna ni ó wà títí ogun fi parí, lábẹ́ bọ́ǹbù àti ebi. Ní ọdún 1947 ó wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán kan tí wọ́n ń pè ní Art Club sílẹ̀ níbẹ̀. Ọdún 1949 ni ó dé Paris, ibẹ̀ ni ó sì ti pàdé Ulli Beier, ọmọ Jámánì tí baba rẹ̀ jẹ́ Júù, tí wọ́n sì ti gbé e sá lọ sí Palẹ́sítínì nígbà èwe rẹ̀. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó. Nígbà tí Beier rí iṣẹ́ olùkọ́ gbà ní Yunifásítì tuntun tí ó wà ní Ìbàdàn, àwọn méjèèjì wọ ọkọ̀ wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1950. Ìgbésí ayé àwọn òyìnbó inú ọgbà Yunifásítì kò wu èyíkéyìí nínú wọn.

Ikọ́ fée kọlù ú kò pẹ́ tí ó dé. Ó ṣàìsàn débi pé ó súnmọ́ bèbè ikú. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, wọ́n kó lọ sí Ẹdẹ, ibẹ̀ ni ọ̀nà rẹ̀ sì ti yí padà.

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ ní Ẹdẹ, nítorí àwọn ènìyàn máa ń sáré kọjá ibẹ̀ lọ sí Òṣogbo. Tìmì Adétóyèsè Láoyè ni ó wà lórí oyè nígbà náà, ọba onígbàgbọ́ ìjọ Onítẹ̀bọmi, ẹni tí ó mọ ìlù dùndún lù débi pé àwọn àyàn pàápàá ń júbà fún un. Ṣọ́ọ̀ṣì ni ọba ń lọ, ìlú rẹ̀ sì ti kún fún mùsùlùmí, síbẹ̀ kò jẹ́ kí ọdún òrìṣà kankan já sọnù. Bí a ti ń ṣe ti Ṣàngó ni a ń ṣe ti Ògún, ti Ọ̀ṣun, ti egúngún àti ti Ọbàtálá. Ọdún kan kì í tán kí òmíràn má ti máa kan ilẹ̀kùn. Ulli Beier fi ara balẹ̀ wo gbogbo rẹ̀, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé kékeré kan tí ó jáde ní ọdún 1959, A Year of Sacred Festivals in One Yoruba Town. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá fẹ́ mọ bí ọdún òrìṣà ti ń tẹ̀lé ara wọn láti òjò dé ọ̀gbẹlẹ̀ nínú ìlú kan ṣoṣo, kí ó wá ìwé náà lọ sí láíbúrárì.

Ọkọ kọ ọ́ sílẹ̀ ní ìwé, ìyàwó wọ inú rẹ̀. Olórí àwọn àwòrò Ọbàtálá ní Ẹdẹ ni Ajagẹmọ. Nínú ọdún Ọbàtálá, Ajagẹmọ àti Olúńwí a jà níwájú ọba, ìjà tí kò la ohùn lọ, ijó ni gbogbo rẹ̀. Olúńwí a ṣẹ́gun, a mú Ajagẹmọ ní ìgbèkùn lọ. Tìmì yóò san owó ìràpadà, wọn yóò sì gbé Ajagẹmọ padà wá pẹ̀lú ayọ̀ ńlá. Òrìṣà tí kò gbé ìdà, tí ó fi sùúrù borí, ni ọdún náà ń fi hàn. Mo rò pé ẹni tí ó ti Vienna àkókò Hitler bọ̀ lè lóye irú òrìṣà bẹ́ẹ̀ ju bí àwa ti rò lọ. Àdùnní kò gbọ́ Yorùbá nígbà náà, Ajagẹmọ kò sì gbọ́ èdè òyìnbó. Àwọn méjèèjì a sì jókòó pọ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí. Ajagẹmọ ni ó mú un wọ inú ẹ̀sìn, tí ó fi di olórìṣà Ọbàtálá. Lẹ́yìn rẹ̀ ó wọ inú ìsìn Ṣànpọ̀nná àti inú Ògbóni. Òun àti Beier pínyà nígbà tí ó yá, láìjà. Ní ọdún 1959 ó fẹ́ Àyánṣọlá Onírù, onílù.

Ẹ jẹ́ kí n yà sí ẹ̀gbẹ́ kan kí n tó dé Òṣogbo. Ní àwọn ọdún 1950 yìí kan náà, bàbá arúgbó kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Gerald Gardner, ń gbìyànjú láti jí ẹ̀sìn àtijọ́ àwọn ará Yúróòpù dìde. Ó ti jẹ́ òṣìṣẹ́ aṣọ́bodè ní ilẹ̀ Màláyà rí, wọ́n sì ti gbé e dé Àkárà ní Gánà rí nígbà ọmọdé nítorí ikọ́ fùkẹ̀ tí ó ń bá a jà. Òfin ọdún 1735 tí ó lòdì sí iṣẹ́ àjẹ́ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fagi lé ní ọdún 1951, Gardner sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 1954. Wicca ni orúkọ tí ẹ̀sìn náà ń jẹ́. Kí ẹnikẹ́ni má pè é ní àjẹ́ bí àwa ti mọ àjẹ́ sí. Ìtumọ̀ tí ó yá ni lẹ́nu ni ìyẹn, kò sì tọ̀nà. Ìparí ọdún 1950 sí 1960 ni àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ so ọdún mẹ́jọ pọ̀ mọ́ra gẹ́gẹ́ bí kẹ̀kẹ́ tí ń yí: mẹ́rin tẹ̀lé ìrìn oòrùn, mẹ́rin bọ́ sí àárín wọn. Ọ̀kan nínú wọn bọ́ sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, nígbà tí a bá kórè ọkà àkọ́kọ́. Gardner kú sínú ọkọ̀ ojú omi ní ọdún 1964, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà náà ti tàn ká Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ohun tí mo fẹ́ kí a kíyèsí ni pé inú ìwé, inú ìtàn tí ó ti já, ni wọ́n ti ní láti ṣa ọdún wọn jọ ní ẹyọ ẹyọ. Àdùnní, tí òun náà jẹ́ ọmọ Yúróòpù, bá ọdún tí kò tíì já pàdé. Ṣùgbọ́n okùn rẹ̀ ti ń tẹ́ẹ́rẹ́.

Òṣogbo kò ṣàjèjì sí ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí náà n kò ní pẹ́ lórí ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Láróoyè, ọmọ ọba láti Ìpólé, àti Tìmẹ́hìn ọdẹ ni ó wá omi dé etí odò Ọ̀ṣun. Wọ́n gé igi, igi wó lu odò, ohùn kan sì ké láti inú ibú pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun. Májẹ̀mú ni wọ́n fi parí ọ̀rọ̀ náà: kí ènìyàn kúrò létí omi lọ tẹ̀dó sí òkè, kí wọ́n fi igbó sílẹ̀ fún onígbó, kí wọ́n máa wá bọ ọ́ lọ́dọọdún, kí òun náà máa ṣọ́ ìlú. Ẹja kan jáde wá pọ omi sí àtẹ́lẹwọ́ Láróoyè. Títẹ́wọ́ gba ẹja yìí ni ó di oyè Àtáója.

Oṣù kẹjọ ni ọdún náà, ìgbà tí omi kún dé ẹnu. Ọjọ́ méjìlá ni wọ́n fi ń ṣe é. Ìwọ́pópó ni ìbẹ̀rẹ̀, tí ọba àti àwọn ìjòyè yóò jáde láti la ojú pópó, kí ọ̀nà lè mọ́ fún ọdún. Alẹ́ mìíràn ni ti iná olójúmẹ́rìndínlógún, tí yóò máa jò láti ìrọ̀lẹ́ títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ọba yóò sì jó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta. Ìborí Adé tẹ̀lé e, wọn yóò kó adé àwọn Àtáója àná jọ láti bọ wọ́n. Ọjọ́ ìkẹyìn ni ti Arugbá, ọmọbìnrin láti ìdílé ọba, wúńdíá, tí yóò ru igbá láti ààfin dé ojúbọ etí omi. Gbogbo ìlú a máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí kò gbọdọ̀ kọsẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ẹ̀dùn ọkàn a sọ ọ́ sí i bí ó bá ti ń kọjá. Kò sí èyí tí ó ṣe é ṣe ní pápá ìṣeré. Bí kò bá sí igbó, kò sí ibi tí Arugbá ń lọ.

Igbó náà gan-an ni ó sì ń lọ. Nígbà tí Àdùnní kó dé Òṣogbo ní ìparí àwọn ọdún 1950, àwọn àwòrò ti darúgbó, ọmọ wọn ti di onígbàgbọ́ tàbí mùsùlùmí, ojúbọ ti ń wó. Ẹ̀ka ìjọba tí ó ń rí sí iṣẹ́ àgbẹ̀ àti igbó ti gba apá kan ibẹ̀ láti fi dán ọ̀gbìn wò. Wọ́n gé igi ìgbàanì, wọ́n gbin tuntun. Ọdẹ ń pa ẹran níbi tí a kì í ti í pa ẹran, apẹja ń dẹ àwọ̀n sí odò tí ẹja rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀. Àwọn olè sì ti mọ̀ pé òyìnbó ń fi owó gidi ra ère. Ẹni tí ó ti rí bí àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ń gé ilẹ̀ ní ẹ̀bá Èkó wa níhìn-ín mọ bí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ti máa ń parí.

Ohun kékeré ni ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ńlá náà. Ikán ti jẹ ojúbọ Ọ̀ṣun tí ó wà létí odò, àwọn olórìṣà sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó bá àwọn tún un ṣe. Ọba Adénlé Kìíní, tí ó wà lórí oyè láti 1944 dé 1975, fọwọ́ sí i. Àdùnní kò lọ wá ọ̀jọ̀gbọ́n kankan. Bíríkìlà, káfíńtà àti gbẹ́nàgbẹ́nà ìgboro ni ó kó jọ. Adébísí Àkànjí ti mọ bíríkì tẹ́lẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tó di ọwọ́ tí ń mọ ère sìmẹ́ńtì. Buraimoh Gbàdàmọ́ṣí, Kàsálì Àkàngbé àti Ṣàká Àrẹ̀mú wà lára wọn. Orúkọ wọn fi hàn yín pé ọmọ mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tí ó tún ilé òrìṣà kọ́, mo sì mọ àwọn kan tí inú wọn kò ní dùn láti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Láàárín ọdún púpọ̀, ère àti ilé ń jáde láàárín igi: ògiri gígùn tí ó ń yí bí ejò, ẹnubodè tí ó dà bí ẹni tí ó na apá, Ìyá Mọ̀ọ́pó tí ó ga ju ilé lọ, ilé Ọjà Oǹtótóo níbi tí ènìyàn àti ẹbọra ti jọ ń ná ọjà nínú ìtàn. Ó tún kọ́ bí a ti ń fi ẹ̀kọ ya àdìrẹ, ó sì fi ọ̀nà náà ya ìtàn àwọn òrìṣà sára aṣọ ńláńlá.

Àwọn kan lára àwọn olùkọ́ wa kì í gbà pé iṣẹ́ Yorùbá ni àwọn ère wọ̀nyí. Wọ́n ní baba wa kò gbẹ́ irú rẹ̀ rí, pé àlá òyìnbó ni ó fi sìmẹ́ńtì mọ. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Kò sí agbẹ́gilére ayé àtijọ́ tí yóò mọ Ọbàtálá bí Àdùnní ti mọ ọ́, òun náà kò sì fìgbà kan sọ pé àwòkọ ni òun ń ṣe. Ṣùgbọ́n mo bi ara mi léèrè ohun tí ìbá wà níbẹ̀ bí kò bá mọ ọ́n. Àwọn ère náà jẹ́ ẹ̀ṣọ́. Ẹni tí ó fẹ́ fi igbó dá oko yóò kọ́kọ́ fi hóró wo ojú wọn. Ìjọba tí ó fẹ́ gé e tà yóò kọ́kọ́ bá aráyé wí ohun tí ó fẹ́ ṣe sí iṣẹ́ ọnà tí gbogbo ayé ń wá wò. Àwọn ìyá olórìṣà tí ń kúnlẹ̀ níwájú wọn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ kò béèrè irú ẹ̀yà tí ọwọ́ tí ó mọ wọ́n jẹ́.

Ní ọdún 1965 ìjọba kéde apá kan igbó náà gẹ́gẹ́ bí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè. Ní 1992 wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé gbogbo hẹ́kítà 75 rẹ̀. Oṣù keje ọdún 2005 ni àjọ UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn ibi ajogúnbá àgbáyé. Àdùnní ti pé ẹni àádọ́rùn-ún ọdún nígbà náà. Òpópó Ìbòkun ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀ wà, ilé ìgbà àwọn Àgùdà, tí ó kún fún ère àti àwọn ọmọ tí ó gbà tọ́. Ó tọ́ wọn sínú ẹ̀sìn, òmíràn nínú wọn sì di àwòrò pàtàkì ní ìlú. Fún èmi, ìyẹn ju ère lọ. Sìmẹ́ńtì kì í kọ́ ọmọ ní orin ọdún.

Orúkọ tí ó gbé igbó náà ga mú wàhálà tirẹ̀ wá. Ní oṣù kẹjọ, ọkọ̀ a máa ti oríṣiríṣi ìlú àti òkè òkun wọ Òṣogbo. Àwọn oníléeṣẹ́ ọtí àti ti tẹlifóònù a ta àsíá wọn sí gbogbo igun, ẹ̀rọ gbohùngbohùn a sì máa bá agogo Ọ̀ṣun du etí ènìyàn. Nígbà mìíràn ó ṣòro láti mọ ẹni tí ó wá bọ Ọ̀ṣun àti ẹni tí ó wá ya fọ́tò. N kò lè sọ pé Àdùnní ni ó fa èyí, n kò sì lè sọ pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́ pátápátá nínú rẹ̀. Ẹni tí ó pe gbogbo ayé wá gba igbó lọ́wọ́ àwọn agégi kò lè yan ẹni tí yóò jẹ́ ìpè.

Ó kú ní Òṣogbo ní ọjọ́ kejìlá oṣù kìíní ọdún 2009, ní ẹni ọdún 93. Ọyẹ́ ni, ìgbà tí odò fà. Wọ́n sin ín sínú igbó náà gẹ́gẹ́ bí ìṣe àwọn olórìṣà. Nígbà tí òjò dé tí oṣù kẹjọ pé, wọ́n la pópó, wọ́n tan iná, Arugbá sì jáde.

Igi ṣì wà níbẹ̀ títí di òní, ọ̀bọ ṣì ń fò lórí wọn. Omi ni ọ̀rọ̀ kù sí báyìí. Láti nǹkan bí ọdún 2018 ni àwọn tí ń wa góòlù ní ìhà òkè odò ti ń da ẹrẹ̀ sínú rẹ̀, tí odò tí ó ti mọ́ lóló di pupa rúsúrúsú. Ní ọdún 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn kí wọ́n má mu ún. Ṣùgbọ́n àwọn aláboyún àti àgàn tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá kò gbé kèrègbè wọn padà sílé lófìfo. Ère kò lè ṣọ́ omi bí ó ti ń ṣọ́ igi, Àdùnní kò sì sí láyé láti wá nǹkan mìíràn ṣe sí i. Láti Òṣogbo, odò náà ń ṣàn lọ sí gúúsù títí yóò fi já sínú ọ̀sà Lẹ́kí ní ìhà Ẹ̀pẹ́, ní ìpínlẹ̀ Èkó tiwa níhìn-ín, níbi tí àwọn apẹja ti ń dẹ àwọ̀n láràárọ̀.